Fólítì Márùn-ún Péré: Àgbéyẹ̀wò DAC àti Áńpù Hẹ́dìfóònù Àfọwọ́ṣe

Orin tó wà nínú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohùn, nọ́ńbà ni. Kí etí tó gbọ́ ọ, ẹ̀rọ kan gbọ́dọ̀ sọ nọ́ńbà yẹn di iná tó ń lọ sókè-sódò bí ohùn ṣe ń lọ. Òun là ń pè ní DAC. Iná tó ń jáde lára DAC kì í sábà lágbára tó láti ti hẹ́dìfóònù, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ kejì, áńpílífáyà, fi gbọ́dọ̀ gbà á kó fún un lókun. Méjèèjì ti wà nínú gbogbo fóònù àti láptọ́ọ̀pù tó ní ihò íápíìsì. Síbẹ̀, ó ti lé ní ogún ọdún tí àwọn kan káàkiri ayé ti ń jókòó ti tábìlì, tí wọ́n ń jó lẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n lè fọwọ́ ara wọn kó méjèèjì sínú àpótí kan ṣoṣo tó ń gba orin, tó sì ń gba iná, láti inú okùn USB kan náà. Kí ni wọ́n ń wá? Ṣé wọ́n tilẹ̀ ń rí i?

Bí o bá tẹ́tí sí wọn, orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe IC ni kì í kúrò lẹ́nu wọn: ESS ló dùn jù, rárá o, AKM ni, ta ló sọ pé Wolfson kò dára? Èmi rò pé ibi tí wọ́n ń wò kọ́ ni iṣẹ́ wà. Ó pẹ́ tí IC tó ń sọ nọ́ńbà di ohùn ti dára kọjá ibi tí etí èèyàn ti lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ lára èkejì, àní èyí tí owó rẹ̀ kéré pàápàá. Fólítì márùn-ún tó ń ti inú USB bọ̀, ọ̀nà tí a gbà pín in, àti bí a ṣe to gíráńdì: ibẹ̀ ni ẹ̀rọ àfọwọ́ṣe ti ń yè tàbí ti ń kú.

Kí a kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ owó kúrò lọ́nà ná. Apple ń ta okùn kékeré kan tó ń so íápíìsì mọ́ ihò USB-C. Dọ́là mẹ́sàn-án ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà. Nínú orí okùn yẹn ni DAC àti áńpù jọ wà, àwọn tó sì fi irinṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé ohùn rẹ̀ mọ́. Kò sí bí èèyàn ṣe lè ra IC, bọ́ọ̀dù, àpótí àti lẹ́ẹ̀dì, kó wá ná dọ́là mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá ní torí àtifowó pamọ́ lòun ṣe fẹ́ ṣe é, ara rẹ̀ ló ń tàn. Àmọ́ okùn náà ní ibi tó parí sí. Kò lè gbé ju nǹkan bí fólítì kan jáde, èyí tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù kò tilẹ̀ ju ìdajì ìyẹn lọ. Kò ní fọ́lúùmù tí ọwọ́ lè yí. Bó bá sì bàjẹ́, ààtàn ló ń lọ, kò sẹ́ni tó lè tú u tún ṣe.

USB kọ́ ni ìtàn àfọwọ́ṣe yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1990 ni Chu Moy gbé àwòrán áńpù kékeré kan jáde, bátìrì fólítì mẹ́sàn-án ló ń lò pẹ̀lú IC kan tàbí méjì, ẹni tó bá mọ lẹ́ẹ̀dì jó á sì parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Wọ́n sọ ọ́ ní CMoy. Inú agolo míńtì Altoids ni wọ́n ń kó o sí, débi pé agolo náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di àmì ẹgbẹ́. Áńpù lásán ni ìyẹn. Ẹ̀rọ CD ni orin ṣì ti ń wá. Ilé-iṣẹ́ Burr-Brown, tí Texas Instruments rà ní ọdún 2000, ló ṣílẹ̀kùn kejì pẹ̀lú IC PCM2702: USB ń wọlé lápá kan, ohùn ń jáde lápá kejì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni PCM2704, 2706 àti 2707 dé. Èèyàn kì í kọ ètò kankan fún wọn. Bí a bá ti tì wọ́n bọ kọ̀ǹpútà, ó mọ̀ wọ́n lójú ẹsẹ̀. PCM2704 tilẹ̀ lè fúnra rẹ̀ ti íápíìsì ọ́ọ̀mù 32 pẹ̀lú mílíwáàtì 12. Bit 16 àti 48 kHz ni wọn kò lè kọjá, àwọn kan sì ń torí ìyẹn bú wọn, bí ẹni pé CD tí gbogbo ayé fi gbádùn orin láti 1982 ju bit 16 àti 44.1 kHz lọ.

Ti Kan, ẹni tó ni AMB Laboratories, wá ṣe ohun tí mo ṣì ń yìn ín fún: ó ṣe DAC kan, γ1, tó lè bá áńpù rẹ̀, Mini³, wọ àpótí kékeré kan ṣoṣo. Inú Mini³ náà ni ohun tí à ń pè ní gíráńdì alágbára wà: dípò kí wáyà gíráńdì hẹ́dìfóònù kàn lọ sí ilẹ̀ lásán, áńpù kẹta ló ń dì í mú.

Àmọ́ èyí tí wọn kò ní gbàgbé ni O2. Ní 2011, ẹnì kan tí kò sọ orúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, tó ń pe ara rẹ̀ ní NwAvGuy, gbé áńpù kan jáde tó sọ ní Objective2. Ṣáájú ìgbà yẹn ló ti ń ti ọwọ́ bọ àwọn olùṣe áńpù lójú: ó ní wọ́n ń ta ẹ̀rọ olówó gọbọi láìfi irinṣẹ́ wọ̀n ọ́n rí. Ó fi IC olówó pọ́ọ́kú, NJM2068 àti NJM4556A, ṣe tirẹ̀. Ó fi irinṣẹ́ wọ̀n ọ́n, ó tẹ gbogbo èsì jáde, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Benchmark DAC1 PRE, tí owó rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún dọ́là. Ariwo ta. Ní 2012 ni DAC tó máa bá a rìn, ODAC, dé, pẹ̀lú IC ES9023 ti ESS nínú. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni pé ODAC kì í ṣe ohun tí èèyàn lè jókòó sílé ṣe. Ṣíṣe tán ni wọ́n ń tà á. Àwòrán rẹ̀ kò jáde. Ìyẹn ni pé àpapọ̀ àfọwọ́ṣe tó lókìkí jù lọ nínú ẹgbẹ́ yìí, ìdajì rẹ̀ kì í ṣe àfọwọ́ṣe. Ọ̀gbẹ́ni náà mọ ohun tó ń ṣe: áńpù ni ibi tí ọwọ́ ẹni ti lè ṣe nǹkan, DAC kàn ní láti péye ni.

Láàárín 2012 yẹn kan náà ló dákẹ́. Kò kọ̀wé mọ́, kò fèsì mọ́, áńpù orí tábìlì tó ṣèlérí kò jáde rí. Ìwé ìròyìn IEEE Spectrum kọ nípa bó ṣe pòórá ní 2014. Ọ̀rọ̀ àṣẹ tó fi sílẹ̀ ló wá yà mí lẹ́nu jù: ó gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe O2, kódà kó tà á, ṣùgbọ́n kò gbà kí ẹnikẹ́ni yí i padà kó pín in fún ayé. Ẹni tó ni àṣẹ ti lọ, àṣẹ sì wà níbẹ̀ gbagidi. Bí O2 ti rí ní 2011 ló rí títí dòní, pẹ̀lú ihò ṣájà rẹ̀ tó wà níwájú níbi tí kò yẹ kó wà. ODAC ní tirẹ̀ yí padà: ní 2015 wọ́n fi IC PCM5102A rọ́pò ES9023, kò sì sẹ́ni tó sunkún.

PCM5102A yẹn ló gbé wa dé òde òní, nítorí òun náà ló wà lórí bọ́ọ̀dù kékeré aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń ta káàkiri ní owó tí kò tó ti ìpápánu. Orin kì í ti USB wọ inú rẹ̀ tààrà. I2S ló mọ̀, ìyẹn wáyà mẹ́ta tí Philips gbé kalẹ̀ ní 1986: ọ̀kan ń ka bit, ọ̀kan ń sọ bóyá etí ọ̀tún tàbí ti òsì ló kàn, ọ̀kan ń gbé nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Nítorí náà a nílò ẹni tó máa gba USB kó sọ ọ́ di I2S. Àwọn tó lówó ń lo bọ́ọ̀dù tó ní IC XMOS, ilé-iṣẹ́ kan ní Bristol ní England, tàbí Combo384 ti Amanero, ará Ítálì. Láti 2021 ni Raspberry Pi Pico ti wọ ọjà ní dọ́là mẹ́rin, òun náà sì lè ṣe iṣẹ́ yìí bí èèyàn bá lè fi ètò tó yẹ sínú rẹ̀. Kírísítà 12 MHz tó wà lórí Pico kò pín sí 44.1 kHz láìṣẹ́kù, ẹni tó kọ ètò rẹ̀ ní láti fi ọgbọ́n bá aago inú rẹ̀ lò. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti ṣe é pọ̀, wọ́n sì fi ètò wọn sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn.

Ẹ̀tàn méjì wà lórí bọ́ọ̀dù aláwọ̀ àlùkò náà. Ẹsẹ̀ SCK gbọ́dọ̀ lọ sí gíráńdì bí a kò bá fún un ní aago, ẹsẹ̀ XSMT sì gbọ́dọ̀ rí fólítì 3.3, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa dákẹ́ fin, ìwọ á sì máa rò pé wọ́n ta òkú fún ọ.

Àwọn tó ń lépa nọ́ńbà gíga máa ní Pico kò tó. Lóòótọ́, USB rẹ̀ kò ju mẹ́gábíìtì 12 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ètò USB Audio Class 1 sì ni ìyẹn bá mu: bit 24 àti 96 kHz ni òpin rẹ̀. Class 2, tó ń sáré lórí mẹ́gábíìtì 480, ló gba ju bẹ́ẹ̀ lọ, Windows sì pẹ́ títí di 2017 kó tó gbà á wọlé láìsí pé èèyàn ń wá dráífà kiri. Ọ̀rọ̀ kejì tí wọ́n fẹ́ràn ni aago. Àwọn IC àtijọ́ bíi PCM2702 ń tẹ̀ lé kọ̀ǹpútà bí oníjó ṣe ń tẹ̀ lé onílù, bí ìlù bá ṣì, ẹsẹ̀ á ṣì. Nínú ètò tí wọ́n ń pè ní asynchronous, tí Gordon Rankin ti Wavelength Audio wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun tí gbogbo èèyàn ń bèèrè, ọwọ́ DAC ni ọ̀pá ìlù wà, kọ̀ǹpútà ló ń jó. Ọgbọ́n tó dára ni. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rọ tí a ṣe bó ṣe yẹ, ìṣìsẹ̀ tí à ń wí yìí kéré débi pé irinṣẹ́ ló ń rí i.

Ó tó gẹ́ẹ́ lórí IC. Ẹ jẹ́ ká wá síbi tó ń dunni.

USB 2.0 ń fúnni ní fólítì 5 àti mílíámpù 500, wáàtì méjì ààbọ̀ ni gbogbo ẹ̀. Bí íápíìsì ọ́ọ̀mù 32 bá ń fúnni ní 100 dB fún mílíwáàtì kan, kò ju fólítì 0.18 lọ tó fi máa pariwo débi tí èèyàn á yára yọ ọ́ létí. Fún un, fólítì márùn-ún ti pọ̀ jù; ohun tí kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ni ariwo abẹ́lẹ̀. Wá wo hẹ́dìfóònù Sennheiser HD 600, tó ti wà láti 1997: ọ́ọ̀mù 300 ni, mílíwáàtì kan sì ń fún un ní nǹkan bí 97 dB. Kí ṣóńṣó orin tó le dé 110 dB nínú rẹ̀, ó nílò mílíwáàtì 20. Lórí ọ́ọ̀mù 300, fólítì 2.45 RMS nìyẹn, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fólítì méje láti ìsàlẹ̀ ìgbì dé orí rẹ̀. Márùn-ún péré la ní. Kò gbà á.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ ń ṣe ni pé kí wọ́n pín márùn-ún sí méjì ààbọ̀ lókè, méjì ààbọ̀ nísàlẹ̀, bí CMoy ṣe ń pín mẹ́sàn-án bátìrì rẹ̀, pẹ̀lú IC bíi TLE2426. Èyí kò fi bẹ́ẹ̀ yanjú ohun tó wà ńlẹ̀: orí ìgbì á gé ní fólítì 1.77 RMS, HD 600 á sì dúró sí 107 dB. Ọ̀fìn tó jù ú lọ wà níbẹ̀. Gíráńdì tuntun tí a ṣe yìí wà ní fólítì méjì ààbọ̀ lókè gíráńdì kọ̀ǹpútà, DAC sì ń wo ti kọ̀ǹpútà. Bí a kò bá fi kapásítọ̀ sí àárín DAC àti áńpù, fólítì méjì ààbọ̀ á wọ inú áńpù tààrà. Bí ẹnì kan bá sì ti okùn ṣípíkà tó ní iná tirẹ̀ bọ ihò hẹ́dìfóònù, gíráńdì méjèèjì á pàdé, IC tó ń pín iná á sì gbóná bí ẹ̀kọ. Nínú CMoy oníbátìrì, kò sí ewu yìí, torí bátìrì kò bá ẹnikẹ́ni pín gíráńdì. Àwọn tó kàn gbé àwòrán CMoy sórí USB ló ń kó sí i.

Ọ̀nà tí mo fara mọ́ ni kí a fi IC tó ń lo kapásítọ̀ ṣe fólítì márùn-ún òdì láti inú márùn-ún tààrà. A ti wá ní mẹ́wàá láti ìsàlẹ̀ dé òkè, gíráńdì sì ṣẹ́kù sí ẹyọ kan ṣoṣo tó bá ti kọ̀ǹpútà mu. HD 600 á jó. Àwọn mìíràn ń lo DC-DC kékeré oníwáàtì kan láti gbé iná dé méjìlá lókè, méjìlá nísàlẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń hó, afi kí a to kọ́ìlì àti kapásítọ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ká sì gbé régúlétọ̀ tó dára lé e.

Níbí ni àwọn tó fẹ́ràn kapásítọ̀ ńlá ti máa ń kọsẹ̀. Òfin USB kò gbà ju máíkírófárádì 10 lọ ní ẹnu ọ̀nà iná. Bí a bá gbé 2,200 síbẹ̀ pé kí iná lè mọ́, bí a ṣe ń ti okùn bọ̀ ọ́ ni kapásítọ̀ á gbé kọ́rẹ́ǹtì mì lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà lè pa ihò yẹn tàbí kó máa gé e léraléra. Kapásítọ̀ ńlá gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ohun tó ń dín kọ́rẹ́ǹtì kù.

Ariwo USB náà ní orúkọ tí a lè fi dá a mọ̀. Ìgbà 1,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni kọ̀ǹpútà ń kàn sí ẹ̀rọ onífull-speed, 8,000 ni fún high-speed, kọ́rẹ́ǹtì sì ń mì tẹ̀ lé e. Bí o bá gbọ́ ìfé tẹ́ẹ́rẹ́ kan nígbà tí orin dákẹ́, bí ẹni ń fọn fèrè lókèèrè, má ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ra IC mìíràn. Wáyà gíráńdì ló tẹ́ẹ́rẹ́ jù, tàbí kí ọ̀nà tí kọ́rẹ́ǹtì USB ń gbà padà sílé gba abẹ́ áńpù kọjá. Gíráńdì gbọ́dọ̀ gbòòrò, kó bo odindi ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù bó bá ṣeé ṣe, kí ti hẹ́dìfóònù sì padà sí orísun iná ní ọ̀nà tirẹ̀.

Ẹnu àbájáde kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìdènà inú áńpù kò yẹ kó ju ìdá mẹ́jọ ti hẹ́dìfóònù lọ. O2 wà ní nǹkan bí ìdajì ọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá fi kapásítọ̀ máíkírófárádì 220 sí ojú ọ̀nà íápíìsì ọ́ọ̀mù 32, báàsì rẹ̀ á ti máa rù láti nǹkan bí 23 Hz. Lórí ọ́ọ̀mù 300, kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó wà ní Èkó á bi mí pé ibo ni kóun ti rí gbogbo èyí. Ní ọjà Alaba àti Computer Village, NE5532, TL072, LM317 àti 7812 kì í ṣe ohun àjèjì, torí àwọn tó ń tún áńpù ṣe ń lò wọ́n. NE5532 á gbé ọ́ọ̀mù 300 láìráhùn, ṣùgbọ́n ọ́ọ̀mù 32 á tètè rẹ̀ ẹ́. 4558 tí èèyàn lè tú lára òkú DVD tilẹ̀ tún rọ̀ jù ú lọ. 4556 ni kó wá, torí ó lè gbé nǹkan bí mílíámpù 70. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló yà wọ́n, kó sì wò ó dáadáa kó tó sanwó. IC tó bá ní orúkọ ńlá, bíi ti ESS àti AKM, ni àwọn ayédèrú fẹ́ràn. Nígbà tí iná jó ilé-iṣẹ́ AKM ní Nobeoka ní Japan ní oṣù kẹwàá 2020, IC wọn di ọ̀wọ́n gógó, àwọn tó so àwòrán wọn mọ́ IC kan ṣoṣo sì wà nínú wàhálà. O2 náà kò rọrùn fún wa, nítorí ṣájà tó ń lò gbọ́dọ̀ gbé AC jáde, kì í ṣe DC bí àwọn tó kún ìgboro. Bí iná bá lọ, bátìrì méjì inú rẹ̀ ló kù. Ẹ̀rọ onífólítì márùn-ún ní tirẹ̀ kò ní mọ̀ pé iná lọ níwọ̀n ìgbà tí bátìrì láptọ́ọ̀pù bá ṣì wà.

Bó bá parí, má fi hẹ́dìfóònù olówó dán an wò. Mítà ni àkọ́kọ́: fólítì DC ní ẹnu àbájáde kò gbọ́dọ̀ ju mílífólítì ogún lọ, bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, padà síbi iná. Lẹ́yìn náà, rẹsítọ̀ ọ́ọ̀mù 33 ní ipò hẹ́dìfóònù, kí ètò kọ̀ǹpútà Room EQ Wizard, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, sì wọ̀n ọ́n. Ìgbà náà ló kan íápíìsì tí kò dun èèyàn bó bá jó. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé tòun dára ju ti Apple lọ gbọ́dọ̀ fi mítà mú ohùn méjèèjì dọ́gba, kó má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá dB lọ, kí ẹlòmíràn máa yí wọn padà láìjẹ́ kó mọ èyí tó ń gbọ́. Èyí tó bá pariwo díẹ̀ ju èkejì lọ ni etí máa ń sọ pé ó dùn jù.

Bí mo bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, Pico ni mo máa mú, pẹ̀lú bọ́ọ̀dù PCM5102A, IC tó ń ṣe márùn-ún òdì, àti NJM4556A méjì. Owó IC gbogbo kò ní tó nǹkan. Àpótí irin àti fọ́lúùmù Alps, èyí tí ọ̀tún àti òsì rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ya ara wọn bí a bá yí i sílẹ̀ gan-an, ni yóò gbówó lọ́wọ́ mi.